Dó sí, dó ti, gbà, kó: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ẹ̀tọ́ ará ìlú lábẹ́ ọmọ ogun àjèjì

Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn Jámánì tí wọ́n ń ṣàkóso Tógò túúbá fún ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ìjà náà kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, von Doering tí ó ń delé fún gómìnà ti tẹ wáyà sí àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí Tógò dá dúró láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọn kò gbà fún un. Kí oṣù náà tó parí, àwọn aṣẹ́gun méjèèjì ti pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn. Lomé bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Atakpamé àti Sokodé bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Tchamba àti Kambolé wà ní ìhà ti Faransé. Ó di ọjọ́ 20 Oṣù Keje ọdún 1922 kí Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-Èdè, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tó fọwọ́ sí ìwé tí ó fún àwọn méjèèjì láṣẹ lórí ohun tí wọ́n ti dì mú láti nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 24 Oṣù Keje, Ìgbìmọ̀ kan náà fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì lórí Palẹstínì, níbi tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti wọ Jerúsálẹ́mù láti Oṣù Kejìlá ọdún 1917.

Mo fi àwọn ọjọ́ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa bá gbọ́ “occupation militaire” lórí rédíò, ibi jíjìn ni ọkàn rẹ̀ ń lọ: Gásà, Hébúrónì, Nablus. Kì í rántí pé ọ̀rọ̀ òfin yìí gan-an ni orúkọ ohun tí ó dé bá ilẹ̀ àwọn baba ńlá tirẹ̀. Ọmọ Kambolé ni mí, Faransé ni mo sì fi kàwé láti kíláàsì àkọ́kọ́. Nílé, ẹ̀ka-èdè tiwa ni a ń sọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kà mọ́ ti Manigri ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bí a bá dé Tchamba, Akaselem ni a óò gbọ́. Bí a bá dé Sokodé, Tem ni. Ní 1914, òfin tí ó yẹ kí ó de ọwọ́ àwọn ọmọ ogun tó wọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Faransé nìkan ni èdè tí a fi kọ ojúlówó rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ̀tọ́ ará ìlú nínú òfin ogun so mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe díẹ̀ àti ọ̀rọ̀ kéékèèké díẹ̀, bí atúmọ̀ èdè bá sì ṣi ọ̀kan mú, ẹ̀tọ́ kan ni ó já bọ́. Yorùbá àjùmọ̀lò ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni gbogbo òǹkàwé wa jọ ní. Ti Kambolé fúnra rẹ̀ yóò ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú “droit”. Ní Faransé, ọ̀rọ̀ kan yìí ni a fi ń pe òfin, òun náà ni a fi ń pe ẹ̀tọ́, òun náà sì ni ohun tí kò wọ́. “Tọ́” tiwa fara jọ ọ́: igi tó tọ́ kò wọ́, ohun tó tọ́ sí ọ sì ni ẹ̀tọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n Yorùbá ya òfin sọ́tọ̀. Òfin ni ohun tí aláṣẹ fi lélẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni ohun tí ó tọ́ sí ènìyàn, ìbáà ṣe pé aláṣẹ rántí rẹ̀ tàbí kò rántí. Fún atúmọ̀ èdè, èrè ni èyí jẹ́. “Droits de l'homme” àti “droit de l'occupation” dà bí yàrá méjì nínú ilé kan lójú ẹni tó ń ka Faransé. Lójú tiwa, àkọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, bí ẹ̀dà Yorùbá Ìkéde ti 1948 ṣe pè é, ó sì ń bá ènìyàn lọ síbi gbogbo. Èkejì jẹ́ òfin tí ó de ọmọ ogun fún ìgbà tí ó bá wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ní ọdún 2004, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní La Haye sọ nínú ọ̀rọ̀ ògiri tí Ísírẹ́lì kọ́ sí Cisjordanie pé dídé èkejì kì í lé àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Wàyí o, “occupation”. Abala 42 nínú Òfin La Haye ti 1907 sọ ìgbà tí a lè pe ilẹ̀ kan bẹ́ẹ̀: nígbà tí ó bá wà lábẹ́ àṣẹ ọmọ ogun ọ̀tá “de fait”, ìyẹn ní ti bí nǹkan ṣe rí gan-an. Kókó ibẹ̀ nìyẹn. Òfin kò béèrè ẹni tó ni ilẹ̀, kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi ogun. Ìbọn ta ni ó ń pàṣẹ níbẹ̀ báyìí? Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó kọ́kọ́ ń wá sí wa lẹ́nu ni “gbà”: wọ́n gba ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù “gbà” ti pọ̀ jù. À ń gba ẹ̀bùn, à ń gba àlejò, à ń gba ìlú, bẹ́ẹ̀ ni “Ẹ gbà mí o!” ni igbe ẹni tí ewu dé bá. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

Faransé gba Sokodé lọ́wọ́ Jámánì.

Pọ́nna ni. Ó lè jẹ́ pé Sokodé wà lọ́wọ́ Jámánì, Faransé sì já a gbà, bí olè ṣe ń gba báàgì lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà. Ó sì lè jẹ́ pé inú ìyà ni Sokodé wà, Faransé sì yọ ọ́, bí a ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú. Ìhun gbólóhùn méjèèjì kò yàtọ̀ rárá, olùwà kan, àbọ̀ kan, “lọ́wọ́” kan. Kì í ṣe eré ọmọdé ni mo ń ṣe. Ìtumọ̀ kejì yìí ni àwọn aṣẹ́gun ń tà fún ayé lẹ́yìn ogun, pé àwọn yọ Tógò lọ́wọ́ ìnira Jámánì. Ìnira náà sì wà lóòótọ́: Kersting ṣe alákòóso Sokodé fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ tipátipá lójú ọ̀nà kì í sì í ṣe àròsọ. Àmọ́ kò sí ìyọnínú-ewu kankan nínú “occupation” ti òfin. Ẹni tó lé ìkà lọ, tí ó sì jókòó sí àyè ìkà, òfin kan náà ni ó dè é. Nítorí náà, “gbà” nìkan kò tó láti túmọ̀ abala 42.

Àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà fẹ́ràn “gbàkóso” àti “gbàjọba”. Ìyẹn dára fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mali ní 2020 tàbí ní Niger ní 2023, níbi tí ológun orílẹ̀-èdè kan ti lé ìjọba orílẹ̀-èdè náà kúrò. “Jẹ gàba lé” ní tirẹ̀ ti dá ẹjọ́ tán kí ó tó dé ilé-ẹjọ́. Òfin kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdálẹ́bi. Ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ojú rí.

Ìyá àgbà kan ní Kambolé, tí ó ti ṣòwò ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó là mí lójú. Mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún un, ó sì bi mí pé, “Ọmọ mi, àwọn sọ́jà tí ò ń wí yìí, ṣé wọ́n dó sí ìlú ni àbí wọ́n dó ti ìlú?” Mo ní, “Ìyá, ṣé méjèèjì yàtọ̀ ni?” Ó rẹ́rìn-ín. “Bí wọ́n bá dó ti ìlú, ebi ni yóò pa ará ìlú. Bí wọ́n bá dó sí i, ará ìlú ni yóò máa se oúnjẹ fún wọn.”

Ó dára ju ìtúmọ̀ ìwé atúmọ̀ lọ. “Dó” ni kí ogun pàgọ́. “Sí” ń tọ́ka ibi tí àgọ́ náà wọ̀; “tì”, tí ohùn rẹ̀ ń yí padà níwájú àbọ̀, ń tọ́ka ohun tí a fara tì tàbí tí a sé mọ́. Nínú “dó sí”, ọmọ ogun wà nínú ìlú. Nínú “dó ti”, ẹ̀yìn odi ni wọ́n wà, òun ni ó bí “ìdótì” tí a ń kà nínú Bíbélì. Òfin náà yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdótì ní òfin tirẹ̀, ó sì jẹ́ èèwọ̀ láti fi ebi pa ará ìlú gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ogun. Ṣùgbọ́n ẹni tó dó sí ìlú ru ẹrù tó jù bẹ́ẹ̀ lọ: abala 55 nínú Àdéhùn Genève Kẹrin ti 1949 ní kí ó rí i pé oúnjẹ àti oògùn tó ará ìlú dé ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ. Níbi tí ìyá àgbà ti ní ará ìlú ni yóò máa se oúnjẹ, òfin yí i padà: ẹni tó dó sí ìlú ni yóò wá oúnjẹ.

Gásà ni ó mú kí ìyàtọ̀ yìí gbóná. Ísírẹ́lì dó sí i ní Oṣù Kẹfà ọdún 1967, ó sì kó ọmọ ogun rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ń gbé ibẹ̀ kúrò ní 2005. Láti ìgbà náà ni ìjọba rẹ̀ ti ń sọ pé òun kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ta kò ó ní ojú òfuurufú, ojú òkun àti púpọ̀ nínú ẹnubodè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 Oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé sọ pé kíkúrò yẹn kò tú Ísírẹ́lì sílẹ̀ pátápátá nínú ojúṣe rẹ̀. Ojúṣe náà ń lọ bí ìṣàkóso tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ bá ṣe tó. Ẹni tó kó àgọ́ jáde nínú ìlú ṣùgbọ́n tó mú kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè dání, “dó sí” ni àbí “dó ti”? Ilé-ẹjọ́ fi ìwọ̀n dáhùn. “Sí” àti “tì” kò ní ìwọ̀n. Gírámà wa há ju òfin lọ níbí, a ní láti fi nǹkan kún un. Ohun tí mo ń lò ni “ilẹ̀ tí ọmọ ogun àjèjì dó sí tàbí tí wọ́n ń darí”, pẹ̀lú “ìdósí” fún ọ̀rọ̀-orúkọ, ní ìbámu pẹ̀lú ìdótì. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò purọ́.

Abala 43 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbádùn jù, torí pé àṣìtúmọ̀ tó lókìkí wà nínú rẹ̀. Faransé ní kí ẹni tó dó sí ìlú dá “l'ordre et la vie publics” padà, kí ó sì máa bọ̀wọ̀ fún òfin tí ó bá nílẹ̀, àfi bí kò bá sí ọ̀nà rárá. Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ sí “public order and safety”. “Vie”, ìyẹn ìgbésí ayé, di ààbò. Ẹ wo “publics”: ó wà ní ọ̀pọ̀, ó sì bá ọ̀rọ̀-orúkọ méjèèjì lọ, nítorí náà ètò jẹ́ ti ìlú, ìgbésí ayé náà sì jẹ́ ti ìlú. Ojúṣe yìí dé ọjà, dé ilé ìwé, dé ilé ìwòsàn, dé oko nígbà ìkórè. Ẹni tó bá ti inú Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ sí Yorùbá yóò kọ “ètò àti ààbò”, ọ̀gágun tó bá sì ti ọjà pa fún ààbò ti ṣe ojúṣe rẹ̀ tán. Ẹni tó bá ti inú Faransé túmọ̀ yóò kọ “ètò ìlú àti ìgbésí ayé ará ìlú”, ọ̀gágun kan náà yóò sì ní ìbéèrè láti dáhùn. Ẹ̀tọ́ ìyá tó fẹ́ dé ilé ìwòsàn, tí ibùdó àyẹ̀wò ọmọ ogun sì dá a dúró lọ́nà Nablus, wà nínú “vie”. Ilé ìwé Faransé ti fìyà jẹ púpọ̀ nínú wa nítorí èdè abínibí wa, ṣùgbọ́n níbí, ó fún wa ní ojúlówó.

Ní 1914, abala mìíràn tún wà lẹ́yìn 43. Iyì ìdílé, ẹ̀mí, dúkìá àti ẹ̀sìn kò gbọdọ̀ ní ìpalára. Ìfipákó jẹ́ èèwọ̀. Iṣẹ́ àti ohun tí ọmọ ogun bá béèrè lọ́wọ́ ará ìlú kò gbọdọ̀ ju agbára ìlú lọ. Ta ni a kọ ọ́ fún? “Les habitants” ni òfin sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àwọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Jámánì ń pariwo nípa ẹ̀tọ́ tí Faransé tẹ̀ lójú lẹ́yìn tí Tógò ṣubú, àwọn Jámánì tí wọ́n kó lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Dahomey, ní Abomey àti ibòmíràn, ni ó kún ẹnu rẹ̀. Ogun ilẹ̀ Áfíríkà ìgbà náà kò sì ṣe é jà láìsí aláàárù tí ń fi orí ru ẹrù. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ náà mú gbogbo ènìyàn, àwọn tó ń kà á ni kò mú gbogbo ènìyàn. Ohun tó tẹ̀lé e fi hàn bẹ́ẹ̀: nígbà tí ìdósí di “mandat”, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó gba ipò “habitant”. Ní 1923, Faransé mú òfin “indigénat” wọ Tógò, tí ó fún alákòóso láyè láti fìyà jẹ ọmọ onílẹ̀ láìgbé e dé kóòtù. Ó di 1946 kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. “Habitant” ní ẹ̀tọ́. “Indigène” ní ìjìyà. Ènìyàn kan náà ni, nínú ilé kan náà, ní Tchamba kan náà.

Nípa “kó” àti “mú”, mo gbà pé Yorùbá mọ òfin náà ju Faransé lọ. À ń mú ẹnì kan. À ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹnìkan bá tilẹ̀ sọ pé ọlọ́pàá kó Àlàbí, a ó mọ̀ pé Àlàbí bá ọ̀pọ̀ lọ ni. “Mú” lè mú ọ̀pọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni. “Kó” kì í wo ojú ẹni. Ìdí nìyẹn tí ogun fi ń kó ìlú. Agbègbè wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní etí òkun Tógò, vodun kan wà tó ń jẹ́ Tchamba, tí àwọn ìdílé fi ń ṣe ìrántí àwọn ẹrú tí baba ńlá wọn rà láti àríwá.

Abala 50 nínú Òfin La Haye àti abala 33 nínú Àdéhùn Genève Kẹrin ní kí a má ṣe fìyà jẹ ẹnikẹ́ni fún ohun tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ṣe. Faransé nílò gbólóhùn gígùn fún un. Yorùbá lè sọ pé: ẹ mú, ẹ má kó. Ní Palẹstínì, òfin pàjáwìrì kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1945, nọ́ńbà 119 rẹ̀ sì fún ọmọ ogun láyè láti wó ilé ẹni tó ṣẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lọ, òfin náà dúró, Ísírẹ́lì sì ti lò ó ní Cisjordanie láti 1967. Ìjọba rẹ̀ ní ìdẹ́rùbà fún àwọn mìíràn ni. Àwọn àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ìjìyà àjọjẹ ni. Gírámà wa ní tirẹ̀ rí i pé ẹni tó ṣẹ̀ ni wọ́n mú, ṣùgbọ́n ìyá, ìyàwó àti ọmọ tí wọ́n ń gbé ilé náà ni wọ́n kó síta. Òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe fún ẹnìkan ṣoṣo. Ní 7 Oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwọn tó jáde láti Gásà pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì kó nǹkan bí 250 lọ. Abala 34 ka irú ìkólọ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láìfi àyè kankan sílẹ̀. “Ìdógò” ni ohun tí a fi dúró fún gbèsè. Bí a bá túmọ̀ “otage” sí “ẹni tí a fi ṣe ìdógò”, ó hàn kedere pé gbèsè ẹlòmíràn ni a gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Nínú ogun tó tẹ̀lé e, iye àwọn tó kú ní Gásà ti ju 60,000 lọ, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ìlera ibẹ̀ ṣe kà wọ́n, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. “Kó” kò tó fún ìyẹn.

Fún àwọn tó ń kọ́ síńtáàsì, ìpinnu nọ́ńbà 242 tí Ìgbìmọ̀ Ààbò ṣe ní 22 Oṣù Kọkànlá ọdún 1967 ni oúnjẹ gidi. Ó ní kí ọmọ ogun Ísírẹ́lì kúrò, ní Gẹ̀ẹ́sì, “from territories occupied”, ní Faransé, “des territoires occupés”. Gẹ̀ẹ́sì kò ní “the”. Àwọn kan di èyí mú pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ náà ni a ní kí ó fi sílẹ̀. Faransé ní “des”, tí ó jẹ́ “de” pẹ̀lú “les” níbí: bí ó bá jẹ́ aláìtọ́ka ni, “de territoires” ni ìbá jẹ́. Yorùbá ńkọ́? A kò ní irú ọ̀rọ̀ atọ́ka bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ wa sì lè dá dúró lórí méjèèjì. “Ajá tí mo rà ti kú”: ajá tí a jọ mọ̀ ni. “Mo ń wá ajá tí ó dúdú”: èyíkéyìí ni. Àwẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe kò yanjú rẹ̀, ohun tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ti jọ mọ̀ ni ó ń yanjú rẹ̀. Nítorí náà, “kí wọ́n kúrò ní ilẹ̀ tí wọ́n dó sí nínú ogun náà” gba kíkà méjèèjì láyè. Bí a bá kọ “àwọn ilẹ̀ náà”, a ti wà lẹ́yìn Faransé. Bí a bá kọ “lára àwọn ilẹ̀”, a ti sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sọ, torí pé àìsí “the” kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú wíwà “some”. Ó yà mí lẹ́nu pé ibi tí wọ́n ti ń jà lé orí “the” ni Yorùbá ti lè jókòó jẹ́ẹ́, kí ó sì ṣòótọ́. Ṣùgbọ́n ìpinnu kì í ṣe gbólóhùn kan. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ sọ pé kò tọ́ láti fi ogun sọ ilẹ̀ di tẹni. Ẹni tó bá ka ìyẹn kò ní lè fi àìsí ọ̀rọ̀ kékeré kan gba oko àgbẹ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ Hébúrónì.

Oko yẹn ló mú wa dé “tẹ̀dó”. Abala 49 ní kí ẹni tó dó sí ilẹ̀ má ṣe kó lára àwọn ènìyàn tirẹ̀ wá gbé ibẹ̀. Nǹkan bí 700,000 ọmọ Ísírẹ́lì ni ó ń gbé Cisjordanie àti ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù lónìí. Ìjọba Ísírẹ́lì kò gbà pé Àdéhùn náà de òun níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin, ó ní ilẹ̀ náà kò ní olóhun tí ayé gbà ṣáájú 1967. Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé kò gba àlàyé yìí ní 2004, kò sì gbà á ní 2024. Kí ni a óò pe àwọn ènìyàn náà? “Olùtẹ̀dó” ni ó wà nílẹ̀. Àmọ́ nínú ìtàn ìlú wa, ẹni tó tẹ ìlú dó ni a ń kì, òun ni a ń tọ́ka sí bí ìjà ilẹ̀ bá dé. Bí mo bá pè wọ́n ní olùtẹ̀dó, mo ti fún wọn ní ilẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan. “Àtìpó” ní tirẹ̀ ti lé wọn lọ. Mo ń lo “àwọn tí a kó wá gbé ilẹ̀ ìdósí”, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wá fúnra wọn. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọfọ́lọ́jì bá mi wò: mo gbà pé “dó” kan náà ni ó wà nínú “dó sí”, nínú “tẹ̀dó”, àti nínú orúkọ ìlú bíi Ìdó. Àgọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn náà ó di ilé. Ọ̀nà tí mófíìmù yìí rìn ni abala 49 fẹ́ dínà.

Ó ku ará ìlú fúnra rẹ̀. Ní Nàìjíríà, “alágbádá” ni òdìkejì ológun, ṣùgbọ́n olóṣèlú ni agbádá yẹn wà fún, kì í ṣe ọmọ tó ń da ewúrẹ́. “Mẹ̀kúnnù” yọ ọlọ́rọ̀ sílẹ̀. “Aráàlú” lè yọ àlejò sílẹ̀, irú bí àwọn Fúlàní tí wọ́n pa ìta Kambolé ní àgọ́. Òfin kò béèrè aṣọ tàbí owó tàbí ìran: ará ìlú ni ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe jagunjagun, bí a bá sì ń ṣiyèméjì, ará ìlú ni. Ẹni tí Àdéhùn Genève dáàbò bò ni ẹni tó wà “au pouvoir” ìjọba tí kì í ṣe tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lo ọwọ́ níbí, Yorùbá náà sì ní ọwọ́: ẹni tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju “au pouvoir” lọ, torí pé ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹni, ẹni náà ni a óò bi.

“Tí kì í ṣe tirẹ̀” ni etí òfin náà. Lẹ́yìn ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀ ní 19 Oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àwọn ọmọ ogun Tógò dúró sí ìgboro Sokodé, àwọn ènìyàn sì ń sọ ní Faransé pé ìlú wà ní “état de siège”. Gírámà Yorùbá kò ní dá ẹni tó bá sọ pé “ọmọ ogun wa dó sí Sokodé” lẹ́kun. Òfin ìdósí yóò dá a lẹ́kun, nítorí pé ọmọ ogun orílẹ̀-èdè ẹni kì í ṣe ọmọ ogun àjèjì. Ìdí rèé tí mi ò fi ń yọ “àjèjì” kúrò nínú ìtúmọ̀ mi, bí ó ti wù kí ó gùn tó. Ẹni tí wọ́n mú ní Sokodé kò lè gba ẹnu ọ̀nà Genève Kẹrin wọlé. Ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ni ti ẹ̀tọ́: Ìwé Àdéhùn Áfíríkà ti 1981, tí Tógò fọwọ́ sí, abala 6 lórí òmìnira ara ẹni, àti abala 11 lórí ìpéjọ.